Kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́ lẹ́yìn mise à jour: Ẹ gba fáìlì là kí ẹ tó gba ẹ̀rọ là

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 10 yìí ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń wọ ìlú wa ṣì ń lò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Kambolé, Tchamba tàbí Sokodé lè rí i tí ẹ̀rọ ń rọ̀ ọ́ pé kó bọ́ sórí Windows 11, tàbí kó jẹ́ kí mise à jour kan wọlé.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí mise à jour náà á dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ á pa, á tàn, á tún pa, tàbí kí ojú rẹ̀ dúdú kó má sì sọ nǹkan kan.

Ẹni tó wà ní Lomé lè rí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó wà ní Kambolé ní láti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Tchamba, bóyá kó tún kọjá sí Sokodé. Owó ọkọ̀ lọ, ọjọ́ ọjà kan sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn kò tíì tó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà: ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orúkọ àwọn tó ra kajú láwìn, ìbéèrè ìdánwò tí olùkọ́ ti tẹ̀, mémoire ọmọ yín tó wà ní Yunifásítì Kara.

Ohun tí ìròyìn yìí fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí kò tàn kò túmọ̀ sí pé ohun inú rẹ̀ ti ṣègbé. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀ pérépéré. Ìkánjú tó máa ń tẹ̀lé ìjàǹbá náà ló sábà máa ń pa á rẹ́.

Kí ni mise à jour ń ṣe nínú ẹ̀rọ?

Ẹ fojú inú wo ilé tí wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀ nígbà tí onílé ṣì ń gbé inú rẹ̀. Windows ni òrùlé náà. Fáìlì yín ni ẹrù tó wà nínú yàrá. Bí àwọn káfíńtà bá ká páànù àtijọ́ kúrò, tí wọn kò tíì kan tuntun, tí wọ́n sì lọ, ilé náà kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ẹrù yín ṣì wà nínú yàrá. Ohun tí mise à jour tó kùnà máa ń ṣe nìyẹn.

Ìdí márùn-ún ló wọ́pọ̀ tí ó fi ń kùnà.

Èkíní ni iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí dátà bá tán nígbà tí mise à jour ń wọlé, ẹ̀rọ á bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dátà bá tán, ẹ̀rọ á dúró de ìgbà tí ẹ bá tún rà, á sì máa bá a lọ. Ewu gan-an wà lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń to nǹkan tuntun náà sípò, tí ó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún lójú, tí ó sì ń kìlọ̀ pé kí ẹ má pa òun. Bí iná bá lọ ní àkókò yìí, òrùlé ti ṣí sílẹ̀.

Èkejì ni àyè. Dísìkì tó ti kún fún fíìmù àti orin kò ní ibi tí yóò kó ohun tuntun sí.

Ẹ̀kẹta ni dísìkì tó ti gbó. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní òkè òkun lè máa tàn lójoojúmọ́, síbẹ̀ kí mise à jour ńlá kan jẹ́ ẹrù tó kọjá agbára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àìbáramu: nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, bíi káàdì àwòrán tàbí ètò tí ń lé fáírọ́ọ̀sì, tí kò gbọ́ èdè ohun tuntun tó wọlé.

Ẹ̀karùn-ún ni pé mise à jour fúnra rẹ̀ lè ní àbùkù láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kò mọ olówó, kò mọ tálákà.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ mílíọ̀nù 8.5 dákẹ́

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà fi mise à jour kékeré kan ránṣẹ́ sí ètò ààbò tó ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Aago 4:09 ìdájí ni nígbà náà, ní aago Togo. Àbùkù wà nínú rẹ̀. Ètò náà ń retí ohun 20, mise à jour náà mú ohun 21 wá. Nígbà tí ètò náà nawọ́ sí ìkọkànlélógún, kò sí àyè kankan níbẹ̀, Windows sì wó.

CrowdStrike rí àṣìṣe náà, wọ́n sì fà á padà ní aago 5:27. Ìṣẹ́jú 78 péré ni. Ṣùgbọ́n Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 ló ti gbé e mì. Wọ́n ń tàn, wọ́n ń pa, wọ́n tún ń tàn. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró, báńkì tì. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta nìkan fagi lé ìrìn àjò bíi 7,000 láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ fún wa.

Àkọ́kọ́, wọn kò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì tún púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣe láti òkèèrè, nítorí ẹ̀rọ tí kò tàn kò lè gbọ́ àṣẹ. Èèyàn ló ní láti jókòó síwájú ọ̀pọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tan ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Mode sans échec lédè Faransé, kí ó sì pa fáìlì kan ṣoṣo tó ní àbùkù rẹ́. Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n yọ. Wọn kò fọ gbogbo dísìkì.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ há sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ẹ̀rọ wọn wà ní títì pa, wọn kò sì rí nọ́ńbà tí wọn yóò fi ṣí i kíákíá. A máa padà sórí èyí.

Ìkẹta, àwọn ẹ̀rọ tó wà ní pípa láàárín ìṣẹ́jú 78 yẹn kò gba àbùkù náà rárá. Kò sí èrè nínú kíkánjú gba ohun tuntun ní wákàtí tó jáde.

Nígbà tí ibi ìtúnṣe gan-an kò gbọ́ràn

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft dá Windows 10 dúró náà ni ó fi mise à jour oṣooṣù ránṣẹ́ sí Windows 11, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ KB5066835. Lẹ́yìn tó wọlé, àwọn èèyàn rí i pé bí ẹ̀rọ bá wọ ibi ìtúnṣe, bọ́tìnì ìtẹ̀wé àti asin tí a fi okùn USB so mọ́ ọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa nínú Windows, ṣùgbọ́n wọ́n kú níbi tí èèyàn ti nílò wọn jù nígbà ìṣòro. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù náà, Microsoft fi àtúnṣe pàjáwìrì ránṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ni KB5070773.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Microsoft ní láti dá mise à jour ńlá kan dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó jáde, nítorí pé ó pa fáìlì àwọn kan rẹ́. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó tún gbé e jáde. Àwọn tí ó kàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ lọ kò bìkítà bóyá àwọn tó kàn pọ̀ tàbí wọn kò pọ̀.

Lẹ́yìn wàhálà CrowdStrike, Microsoft ṣe nǹkan tuntun kan sínú Windows 11. Ẹ̀rọ tí kò bá lè tàn á gbìyànjú láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kí ó wá oògùn ara rẹ̀. Ohun rere ni. Àmọ́ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí yẹn gan-an. Níbi tó jẹ́ pé fóònù ni gbogbo ilé fi ń pín dátà, a kò lè gbọ́kàn lé e.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo lọ́dọ̀ wa?

Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kan ní àwọn oníṣẹ́ tó ń gba owó oṣù láti tọ́jú wọn. Ó tún ní ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́bàá ọjà lè ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ yẹn ni ọ́fíìsì, òun náà ni àpótí ìwé.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí iná CEET bá ṣẹ́jú, ẹ̀rọ pa nìyẹn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní onduleur kò sàn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Ohun tí oníbàárà ń bẹ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni pé kó bá òun tan ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀nà tó yá jù láti tan ẹ̀rọ ni kí ó fọ dísìkì mọ́, kí ó sì fi Windows tuntun sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ̀rọ tàn, oníbàárà sanwó. Ilé ló ti mọ̀ pé ìwé owó ọdún mẹ́ta ti lọ. Oníṣẹ́ kò purọ́, oníbàárà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ fáìlì ni ẹnikẹ́ni kò dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń náwó.

Ohun tí ẹ máa ṣe, ní ẹsẹẹsẹ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tẹ̀lé e báyìí.

1. Ẹ dúró. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún, tàbí tí iná kékeré tó ń fi iṣẹ́ dísìkì hàn ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ má pa á. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ṣájà wà lára rẹ̀.

2. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kì lára rẹ̀: clé USB, káàdì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, dísìkì ìta. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ń wá Windows lórí clé USB tí ẹ gbàgbé síbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ó lè pa pátápátá, kí ẹ tún un tan.

3. Ẹ wo ohun tó hàn. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, bíi HP, Dell tàbí Lenovo, kò bá tilẹ̀ hàn, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro náà wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kó máà jẹ́ ti mise à jour. Bí orúkọ náà bá hàn kó tó wó, Windows ló ń ṣàìsàn, ẹ lè máa bá a lọ. Ojú tí ó máa ń fi hàn lè jẹ́ búlúù. Ní Windows 11 tuntun, Microsoft ti sọ ọ́ di dúdú.

4. Ẹ wọ ibi ìtúnṣe. Bí Windows bá kùnà láti tàn ní ìgbà méjì sí mẹ́ta tẹ̀léra, òun fúnra rẹ̀ á gbé ibi ìtúnṣe wá. Bí kò bá ṣe é, ẹ tan án, bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá ti hàn, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi pa. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra ní ìgbà mẹ́ta. Ẹ má ṣe èyí nígbà tí mise à jour bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o.

5. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ yan Dépannage, lẹ́yìn náà Options avancées. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún ìtànna rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ yan Désinstaller des mises à jour, kí ó lè yọ èyí tó wọlé kẹ́yìn kúrò. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yan Restauration du système, tó máa ń dá Windows padà sí bó ṣe wà ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí èyí tó ń pa ìwé tàbí àwòrán yín rẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

6. Ẹ tún lè gbìyànjú Mode sans échec. Ẹ̀rọ á tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò. Bí ó bá tàn báyìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ da fáìlì yín sórí clé USB.

7. Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ má tíì gbà. Ọ̀nà méjì ló kù láti kó ẹrù jáde kúrò nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣí. Ọ̀kan ni kí oníṣẹ́ yọ dísìkì náà, kí ó fi sínú àpótí USB, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà dáadáa. Èkejì ni kí ó tan ẹ̀rọ yín pẹ̀lú Linux láti orí clé USB. Linux jẹ́ ọ̀fẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ láti orí clé USB láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísìkì. Ẹ ó rí fáìlì yín, ẹ ó sì dà á sí ibòmíràn.

8. Lẹ́yìn tí fáìlì bá ti wà lọ́wọ́ yín ni ẹ tó lè yan Réinitialiser ce PC. Ó máa bi yín ní ìbéèrè kan. Conserver mes fichiers ń fi ìwé àti àwòrán sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ àwọn ètò tí ẹ fi síbẹ̀, títí kan ètò ìṣirò owó. Supprimer tout ń kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì fọ dísìkì, ẹ pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má kọ nǹkan tuntun sí i. Lórí dísìkì àtijọ́ tó ń yí, oníṣẹ́ lè rí díẹ̀ gbà padà. Lórí SSD tòde òní, ìrètí kéré gan-an, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń nu ibi tí a bá ti pa rẹ́.

Nọ́ńbà 48 tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ lónìí

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11 tuntun ló máa ń ti fáìlì pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni í mọ̀. BitLocker ni orúkọ ohun tó ń ṣe é. Ó dára, nítorí pé bí olè bá jí ẹ̀rọ, kò ní lè ka ohun inú rẹ̀. Àmọ́ bí mise à jour bá da nǹkan rú, ẹ̀rọ lè béèrè nọ́ńbà onídíjítì 48 lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Bí ẹ kò bá ní i, kò sí oníṣẹ́ kankan, ní Sokodé tàbí ní Paris, tó lè ṣí i.

Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà náà wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi tan ẹ̀rọ náà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ lè fi fóònù wọ àkáǹtì yẹn lọ wò ó. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ẹni tó ta ẹ̀rọ náà, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó bá yín tò ó, lè ti lo ímeèlì tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ṣì ń tàn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, kí ẹ fi í síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ sí. Ẹ má kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an.

Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ fáìlì kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí pé: "Ọ̀gá, ohun inú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹ bá mi kó o jáde ná, lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ." Ẹ béèrè iye tí yóò gbà fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ mú clé USB tàbí dísìkì ìta tiyín dání, kí àyè má baà di àwáwí. Bí ẹ bá padà wá, ẹ ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta wò níwájú rẹ̀ kí ẹ tó gbà pé kó fọ dísìkì.

Ẹ rántí pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà yín wà nínú ẹ̀rọ náà. Òfin Togo nọ́ńbà 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá da fáìlì yín sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nígbà tó ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ kò ṣe ojú kòkòrò bí ẹ bá béèrè.

Àwa tí a wà lórí Windows 10 ńkọ́?

Windows 10 kò kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹ̀rọ yín ṣì ń tàn. Ohun tó yí padà ni pé wọn kò dí ihò tuntun tí olè lè gbà wọlé mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Ọ̀nà kìíní: Microsoft ṣí àfikún ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ara wọn, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì gbà kí wọ́n máa tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀, kò ní sanwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 30 dọ́là Amẹ́ríkà ni. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lórí Windows 10 tí wọ́n pè ní 22H2.

Ọ̀nà kejì: kí ẹ bọ́ sórí Windows 11. Ó ń béèrè ẹ̀rọ tó ní TPM 2.0, RAM 4 GB àti dísìkì 64 GB, ó kéré tán. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti Intel, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, àyàfi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí mise à jour fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí èyí tó tẹ̀lé e bá dé ni wàhálà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun lọ́jà, kí ó béèrè ìran ọpọlọ ẹ̀rọ náà kí ó tó náwó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ọ̀nà kẹta: Linux, bíi Ubuntu tàbí Linux Mint. Ọ̀fẹ́ ni, Mint sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti dàgbà. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ lè ṣí ìwé Word àti Excel. Ètò tó jẹ́ ti Windows nìkan kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ dán an wò láti orí clé USB ná.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn

Mise à jour ṣe pàtàkì, ẹ má sá fún un. Ẹni tó dá a dúró pátápátá nítorí ìbẹ̀rù ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó yẹ ni kí ẹ yan ọjọ́ rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ lè sọ fún Windows pé dátà yín níwọ̀n, nípa yíyan Connexion limitée, kí ó má baà máa fa mise à jour láìgbàṣẹ. Ẹ tún lè sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ lè gbọ́ bóyá àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní ìṣòro. Ẹ má fi í sí ọjọ́ ọjà, ẹ má fi í sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ ṣe é nígbà tí iná dúró, tí bátìrì kún, tí àyè sì wà nínú dísìkì.

Àgbẹ̀ iṣu kì í kó gbogbo èbù rẹ̀ sínú abà kan. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta ohun tó bá ṣe iyebíye: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí clé USB tàbí dísìkì ìta, ìkẹta ní ilé mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé owó ọdún kan kì í wúwo, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín láìná dátà púpọ̀.

Ìjọba ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó service-public.gouv.tg wà fún ìwé àṣẹ, OTR náà sì ń gba ìkéde owó orí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ wa tó yìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Tchamba àti Kambolé lè pawọ́ pọ̀ ra dísìkì ìta kan, àpótí USB kan àti clé USB tí wọ́n fi Linux sí, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí yóò kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Nígbà tí òrùlé kọ̀ǹpútà kan bá ṣí, kò ní di dandan kí ẹnikẹ́ni gbé e dé Sokodé kó tó rí ẹrù rẹ̀ kó jáde.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ni àfikún ìtọ́jú Windows 10 yóò parí. Ẹ wo orí èwo nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yín wà, kí ẹ sì da fáìlì yín sí ibòmíràn kí ọjọ́ náà tó pé.